Apple Watch Series 6 àlòkù tàbí SE 3 tuntun: èwo ló yẹ kí n fowó rà?

Ìyá Olùkọ́ (Ìbàdàn)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ ra smartwatch, mo sì fẹ́ gbọ́ tẹnu yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́ mi. iPhone 12 ni mò ń lò. Dókítà sọ fún mi pé BP mi ti ń gòkè, ó ní kí n máa rìn dáadáa lójoojúmọ́, kí n sì máa sùn tó. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú ẹbí wa. Òun ló fa àrùn rọpárọsẹ̀ tó kọ lu bàbá wa. Mi ò wá aago fún oge ṣíṣe.

Méjì ló wà nílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni Apple Watch Series 6, 40mm, tòkunbọ̀, lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ń ta fóònù ní Ìwó Road. Ó ní Amẹ́ríkà ló ti wá. Ojú rẹ̀ mọ́, ó ní ECG (àyẹ̀wò bí ọkàn ṣe ń lù), ó sì ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀. Èkejì ni SE 3 tuntun nínú páálí, tí àbúrò mi ní London lè bá mi rà, kó fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé. SE 3 kò ní ECG, kì í wọn ọ́síjìn, owó rẹ̀ sì ju ti àlòkù yẹn lọ dáadáa. Ọmọkùnrin náà ní Series 6 ni aago gidi, pé àwọn ọmọdé ni wọ́n ṣe SE fún. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí? Èwo ni ẹ̀yin ì bá rà?

Àkànní Òtígbà (Èkó)

Ẹ káàbọ̀, mà. Aago àti fóònù ni mò ń tà ní Computer Village, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe wà. Ẹni tó sọ pé aago ọmọdé ni SE, ọjà tirẹ̀ ló ń polówó. Chip S10 (chip ni ọpọlọ aago) tó wà nínú SE 3 náà ló wà nínú Series 10 àti Series 11. S6 ló wà nínú Series 6. Oṣù kẹsàn-án 2020 ni Series 6 jáde, oṣù kẹsàn-án 2025 ni SE 3 jáde. Ọdún márùn-ún ló wà láàárín wọn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í béèrè ni pé, ọdún mélòó ni aago yìí ṣì máa fi gba update? Ẹ wo bí Apple ṣe ń ṣe é. Nígbà tí watchOS 9 (watchOS ni ètò tó ń darí Apple Watch) dé ní 2022, wọ́n fi Series 3 sílẹ̀. Nígbà tí watchOS 11 dé ní 2024, Series 4, Series 5 àti SE àkọ́kọ́ ni wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. watchOS 26 ti 2025 kò yọ ẹnì kankan, ṣùgbọ́n nínú gbogbo aago tó gbà á, Series 6 ló dàgbà jù. Ọjọ́ tí Apple bá tún fẹ́ dín wọn kù, òun ló kàn.

Aago tí update dá dúró lórí rẹ̀ kì í kú o. Á ṣì máa sọ àsìkò, á máa ka ìṣísẹ̀, á máa gbọ̀n tí ìpè bá wọlé. Áàpù ni ìyà rẹ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ní 2025 ni WhatsApp ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé áàpù tirẹ̀ jáde fún Apple Watch, watchOS 10 ló sì kéré jù tó gbà á. Kò sí ọ̀nà tí ẹni tó ní Series 3 lè gbà fi í sórí aago rẹ̀. Series 3 yẹn náà, èyí tí kò ní LTE (nẹ́tíwọ̀kì tirẹ̀), 8GB péré ni àyè inú rẹ̀, débi pé nígbà tó ṣì ń gba update, àfi kí èèyàn tú u kúrò lára fóònù kó tó rí àyè gbà á. Mo ṣì ń rí i tí wọ́n ń tà á káàkiri. Iye yòówù tí wọ́n bá pè é, ẹ má rà á.

Kí ẹ tó ná ọjà, ẹ ní kí ọmọkùnrin yẹn wọ Settings, kó wọ Battery, kó wọ Battery Health, kó ya fọ́tò nọ́ńbà tó wà níwájú Maximum Capacity, kó fi ránṣẹ́. Tí kò bá fẹ́ ya á, ìdáhùn náà nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Leeds

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìtọ́jú bàbá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ BP tí wọ́n ń wé mọ́ apá òkè kí ẹ tó ra aago èyíkéyìí. Nínú aago méjèèjì tí ẹ dárúkọ, kò sí èyí tó ń wọn BP. Kò sí Apple Watch kankan tó ń kọ nọ́ńbà BP síta. Ìkìlọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru tí Apple gbé jáde ní 2025, orí Series 9 sókè àti Ultra 2 sókè ló wà. Kò sí lórí Series 6, kò sí lórí SE 3. Òun náà á kàn wo ọgbọ̀n ọjọ́ sẹ́yìn ni, á wá ní ó jọ pé ẹ̀jẹ̀ yín ń ru, ẹ lọ yẹ ara yín wò. Ẹ̀rọ tó ń fún apá ló máa sọ iye tó jẹ́.

Tí ẹ bá ti rà á, ẹ jókòó, ẹ fẹ̀yìn ti àga, ẹ sinmi láìsọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ gbé apá lé tábìlì kó wà ní déédéé ọkàn. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ àti àsìkò, kí ẹ sì gbé ìwé yẹn lọ bá dókítà. Tí ó bá ń wà ní 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léraléra, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín.

Ó ku ohun méjì tí wọ́n fi ń ta Series 6 fún yín. ECG rẹ̀, ẹ máa fi ìka kan bọ́tìnì yíyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, á sì sọ bóyá ọkàn ń lù geere tàbí ó ń lù ségesège irú èyí tí àwọn dókítà ń pè ní AFib. Ó wúlò fún ẹni tí dókítà ti ń ṣọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n Apple fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò lè mọ̀ bí heart attack bá ń ṣẹlẹ̀. Àti pé kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ni wọ́n ti ṣí i sílẹ̀, nítorí náà ẹ rí i dájú pé ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí ẹ wà kí ẹ tó fi owó kún owó torí rẹ̀.

Ti ọ́síjìn ló ká mi lára jù. Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń tàn sí awọ ara kí wọ́n tó mọ iye rẹ̀, àwọ̀ dúdú sì máa ń gba nínú ìmọ́lẹ̀ náà mu. Ní 2020, àwọn oníṣègùn ní Yunifásítì Michigan fi ohun tí ẹ̀rọ orí ìka ní ilé ìwòsàn sọ wé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà lára àwọn aláìsàn. Láàárín àwọn tí ẹ̀rọ ní ọ́síjìn wọn wà ní 92 sí 96, ti aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ pé ó ti já sísàlẹ̀ 88 ní tòótọ́ tó 11.7%. Ti aláwọ̀ funfun jẹ́ 3.6%. Ẹ̀rọ ilé ìwòsàn nìyẹn o. Èmi tí mò ń tọ́jú aláìsàn kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa pé kó torí nọ́ńbà ọ́síjìn orí aago san kọ́bọ̀ kan lé e.

Ìbéèrè mi sí yín nìyí: ṣé ẹ máa ń hanrun? Tí ẹ bá jí láàárọ̀, ṣé ó ṣì máa ń rẹ̀ yín?

Adéwùmí (Houston)

Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún ti ọ́síjìn yẹn, torí pé ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ń dé Nàìjíríà, ọ̀dọ̀ wa níbí ló ti ń wá. Apple àti ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Masimo ń ṣe ẹjọ́ lórí ẹ̀rọ ìwọ̀n ọ́síjìn. Láti oṣù kìíní 2024 ni Apple ti ń ta Series 9 àti Ultra 2 ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú ohun ìwọ̀n yẹn ní títì pa. Àwọn tó kàn ni nọ́ńbà ọjà wọn (part number) parí sí LW/A. Oṣù kẹjọ 2025 ni wọ́n tún dá a padà, ṣùgbọ́n wọ́n yí i, orí iPhone ni ìṣirò náà ti ń wáyé báyìí.

Kò kan Series 6 tí wọ́n fẹ́ tà fún yín, mà. Mo sọ ọ́ nítorí pé àwọn tó ń ta àlòkù mọ bí wọ́n ṣe ń gbé oníbàárà gòkè. Tí ẹ bá ní Series 6 ti pẹ́ jù, ohun tó kàn ni "ó dáa, ẹ mú Series 9 yìí." Ẹ máa wo nọ́ńbà yẹn.

SE 3 jẹ́ 249 dọ́là níbí, 219 pọ́n-ùn ló sì jẹ́ ní London. Series 6 náà, 399 dọ́là ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 2020. Owó ìgbà náà ni ẹni tó ń ta àlòkù ṣì máa ń fi dẹ́rù ba èèyàn.

Ìyá Olùkọ́ (Ìbàdàn)

Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á máa bá yín ṣe é. Mo ti ka ohun tí nọ́ọ̀sì kọ fún ọkọ mi létí, a sì ti fẹnu kò pé ẹ̀rọ BP la máa kọ́kọ́ rà.

Ọmọkùnrin yẹn ti fi fọ́tò ránṣẹ́. 82% ló wà níbẹ̀. Ó ní 82 kì í ṣe nǹkan, pé ó ṣì máa lò ju ọdún mẹ́ta lọ. Àti pé bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ mi ní mo máa ń hanrun gan-an, nígbà mìíràn ó máa ń dà bíi pé èémí mi dúró fúngbà díẹ̀ kí n tó tún mí kanlẹ̀. Àárẹ̀ òwúrọ̀ náà wà, iṣẹ́ ni mo ń rò pé ó fà á.

Nọ́ọ̀sì Leeds

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dúró de aago kankan lórí èyí. Ẹ sọ fún dókítà yín bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún wa yìí gan-an, pé ọkọ yín rí i pé èémí yín ń dáwọ́ dúró lójú oorun. Èémí tó ń dáwọ́ dúró lóru wà lára ohun tó máa ń jẹ́ kí BP gòkè, tí oògùn ò sì fi ní tètè kápá rẹ̀.

Ní ti aago, ibí yìí ni SE 3 ti ṣíwájú Series 6. SE 3 lè kìlọ̀ nípa èémí tó ń dáwọ́ dúró lójú oorun, Series 6 kò lè ṣe é. Ẹ máa wọ̀ ọ́ sùn fún ó kéré tán òru mẹ́wàá láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó lè sọ ohunkóhun. Òun náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ti ṣí i fún orílẹ̀-èdè yín. Tí wọn ò bá tíì ṣí i, aago náà á ṣì máa kọ bí ẹ ṣe sùn sílẹ̀, ohun tí ọkọ yín sì sọ yẹn ti tó fún dókítà láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Àkànní Òtígbà (Èkó)

82% jẹ́ nǹkan, mà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Wákàtí méjìdínlógún ni Apple kọ fún Series 6 nígbà tó wà ní tuntun. 82% rẹ̀ kò pé wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tí ẹ bá yọ ọ́ lórí iná ní aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀ kí ẹ lè dé iléèwé lásìkò, nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́ ló máa kú. Bẹ́ẹ̀ oorun ni dókítà ní kí ẹ máa ṣọ́. Ó wá di dandan kí ẹ tún fi sórí iná lálẹ́, Series 6 sì ń gba wákàtí kan àtààbọ̀ kó tó kún. Bí NEPA bá mú iná lọ lásìkò yẹn, ọrùn ọwọ́ lásán ni ẹ máa fi sùn mọ́jú.

SE 3 náà, wákàtí méjìdínlógún ni wọ́n kọ fún un, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí iná máa ń fún un ní nǹkan bí wákàtí mẹ́jọ. Ìgbà tí ẹ bá ń wẹ̀, tàbí tí jẹnẹrétọ̀ bá wà ní títàn fún ìròyìn alẹ́, ó ti tó. Fún ẹni tó ń gbé ìlú tí iná kì í dúró, èyí ṣe pàtàkì lójú mi ju ECG lọ. Wáyà rẹ̀ wà nínú páálí, orí ṣájà ni kò sí níbẹ̀. Orí ṣájà 20W tí ẹ fi ń gba iná iPhone dára fún un.

Apple sọ pé wọ́n ṣe bátìrì aago wọn kó ṣì lè mú 80% lẹ́yìn tó bá ti gba iná kún nígbà 1,000. Ẹni tó ń fi í sórí iná lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ á ti dé 1,000 kí ọdún mẹ́ta tó pé. Nítorí náà Series 6 tó wà ní 82% ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ìgbà ayé bátìrì rẹ̀ tán. Ọdún mẹ́ta tí ó ń ṣèlérí fún yín yẹn, ẹlòmíràn ti lò ó.

Bàbá Ìbejì (Ìjẹ̀bú-Òde)

Gbogbo yín ti sọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n mo rò pé ẹ fẹ́ ba àlòkù jẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Series 6 ló wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Tòkunbọ̀ ni mo rà á. Ojú rẹ̀ kì í kú bí mi ò bá tilẹ̀ gbé ọwọ́ sókè, ó ń ka ìrìn mi bó ṣe yẹ, ó ń sọ fún mi bí ọkàn mi bá lù jù nígbà tí mo jókòó, mo sì ń fi í dáhùn ìpè nígbà tí fóònù wà ní yàrá. Ìrìn ni dókítà sọ fún màmá yìí. Aago tó bá ka ìrìn ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ tún wo apá kejì. Bí èyí tó ti London wá bá ní àléébù, London ló máa padà sí, torí Apple kò ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Nàìjíríà. Àlòkù tó wà ní Ìwó Road, ẹ lè fọwọ́ kàn án, ẹ lè wọ̀ ọ́ wò, ẹ sì mọ ọ̀nà ilé ẹni tó tà á. Tí owó bá fẹ́ ṣòro, mo fara mọ́ ọn kí màmá ra èyí tówó rẹ̀ kéré, kó fi ìyókù ra ẹ̀rọ BP tó dáa àti bàtà ìrìn tó dáa. Àmọ́ 82% yẹn, kó fi dín owó kù dáadáa.

Àkànní Òtígbà (Èkó)

Bàbá, mo gbà pẹ̀lú yín lórí bàtà. Kì í ṣe pé ojú Series 6 kò dáa. Ojú SE 3 náà kì í kú mọ́, SE 2 ti 2022 ni kò ní èyí.

Ẹ̀rù méjì ló ń bà mí lórí èyí tí màmá rí yìí. 40mm ni. Ní 2022, Apple kéde pé ojú àwọn Series 6 40mm kan tí wọ́n ṣe láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹsàn-án 2021 lè ṣókùnkùn pátápátá, kó má sì tàn mọ́. Wọ́n ń tún wọn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ọdún méjì péré lẹ́yìn tí wọ́n kọ́kọ́ ta aago náà ni. Tí èyí bá wà lára wọn, tó sì ṣókùnkùn lọ́la, ọwọ́ màmá ló máa kú sí.

Èkejì ni omi. Wọ́n máa ń sọ fún yín pé ìdènà omi mítà àádọ́ta ni wọ́n kọ fún Series 6. Òótọ́ ni, nígbà tó wà ní tuntun. Apple sọ ọ́ gbangba pé agbára ìdènà omi yẹn máa ń dínkù, kò sì sí ọ̀nà láti dán an wò tàbí láti dì í padà. Tí ẹnì kan bá ti ṣí i lójú títì láti pààrọ̀ bátìrì, ẹ má fi bọ omi mọ́, ẹ má tilẹ̀ wọ̀ ọ́ wẹ̀. Àlòkù tó bá wà ní 100% tí ọjọ́ orí rẹ̀ sì ti tó ọdún márùn-ún, ìyẹn ni kí ẹ bẹ̀rù jù, torí ó jọ pé wọ́n ti ṣí i.

Ọmọ Ẹ̀gbá (Abẹ́òkúta)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já sí àárín ọ̀rọ̀. Samsung A54 ni tèmi. Ẹnì kan fẹ́ ta Galaxy Watch Active 2 fún mi ní owó pọ́ọ́kú. Mo sì tún rí Galaxy Watch FE tuntun. Ṣé ìlànà kan náà ni, pé kí n kúkú ra tuntun?

Kọ́lá (Òṣogbo)

Àbúrò, má ra Active 2. Ọdún 2019 ló jáde, Tizen, ètò àtijọ́ tí Samsung fi ń darí aago, ló sì ń lò. Láti Watch 4 ní 2021 ni Samsung ti kúrò lórí Tizen bọ́ sí Wear OS ti Google, ní 2025 ni wọ́n sì ti ilé ìtajà áàpù àwọn aago Tizen pa. Ohun tó bá wà lórí rẹ̀ lónìí ló máa wà lórí rẹ̀ títí láé.

Ṣùgbọ́n ti FE yàtọ̀ sí ti màmá, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò dáadáa. Ọdún 2024 ni FE jáde, àmọ́ chip W920 ló wà nínú rẹ̀, èyí tó wà nínú Watch 4 ti 2021. Watch 6 ti 2023 ní W930. Nítorí náà Watch 6 àlòkù tí bátìrì rẹ̀ ṣì dá pé kéré lọ́jọ́ orí níbi tó ṣe kókó ju FE tuntun lọ. Tí o bá rí Watch 6 tó mọ́ lọ́wọ́ ẹni tí o mọ̀, èmi á mú un. Tí kò bá sí ẹni tí o mọ̀, ra FE, kí o gba rìsíìtì.

Ẹ̀yin tó ń lo iPhone tí ẹ ń kà á, Galaxy Watch 4 sókè kì í bá iPhone ṣiṣẹ́ rárá, bí Apple Watch náà kò ṣe ń bá Android ṣe. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun á pààrọ̀ irú fóònù kí ọdún tó yí po, kó wo Amazfit, Redmi tàbí Oraimo. Fóònù èyíkéyìí ni wọ́n ń bá lọ, bátìrì wọn sì máa ń lo ọjọ́ púpọ̀, kódà tí áàpù wọn kò bá pọ̀.

Ìyàwó Àgbà (Cotonou)

Àwọn tí wọ́n ń kiri "Ultra" ní ọjà níbí kò níye, owó wọn sì kéré débi pé ó yẹ kí èèyàn fura. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò ṣòro. Apple Watch tòótọ́, inú áàpù Watch lórí iPhone ni wọ́n ti ń so ó pọ̀: àwòrán tó ń yí lójú aago ni ẹ máa na kámẹ́rà fóònù sí. Tí ẹni tó ń tà á bá ní kí ẹ lọ gba áàpù mìíràn sórí fóònù kí ẹ tó lè lò ó, ayédèrú ni. Ẹ gbé e padà fún un.

Ìyá Olùkọ́ (Ìbàdàn)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti sọ fún àbúrò mi kó bá mi ra SE 3, kó sì tàn án wò níbẹ̀ kó tó fi rán ẹni tó ń bọ̀, kí ohun tí Bàbá Ìbejì sọ má baà ṣẹlẹ̀. Mo ti ra ẹ̀rọ BP. Dókítà ti fi mí ránṣẹ́ sí àwọn tó ń wo oorun.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan fẹ́ Series 6 ọ̀hún, ọmọkùnrin náà sì ti dín owó rẹ̀ kù nígbà tí mo fi ọ̀rọ̀ 82% yẹn hàn án. Ìrìn ni òun fẹ́ kó máa bá òun kà, oorun kò sí nínú tirẹ̀. Báwo ló ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe aago tí wọ́n jí, tàbí èyí tó ṣì wà lórúkọ ẹlòmíràn?

Àkànní Òtígbà (Èkó)

Ní owó tuntun yẹn, fún ìrìn, kò burú, mà. Kó mú iPhone tirẹ̀ lọ, kó má lo ti ọmọkùnrin náà. Kí wọ́n pa gbogbo nǹkan inú aago rẹ́, kó ṣí áàpù Watch, kó so ó pọ̀ níbẹ̀, kó tó yọ owó. Tí aago bá béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà Apple ẹlòmíràn, Activation Lock, títì tí Apple fi so aago mọ́ ẹni tó ni ín, ṣì wà lórí rẹ̀ nìyẹn. Pípa á rẹ́ láti orí aago fúnra rẹ̀ kì í yọ ọ́, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń padà wá bá mi pẹ̀lú omijé nìyẹn. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ló lè yọ ọ́, láti áàpù Watch lórí iPhone rẹ̀, ní Unpair, tàbí láti iCloud bí kò bá sí nítòsí.

Tó bá ti so pọ̀ dáadáa, kó wọ Settings, General, About, kó da nọ́ńbà Serial yẹn kọ sórí checkcoverage.apple.com, kó rí i pé Series 6 ló jáde níbẹ̀, kì í ṣe orúkọ mìíràn. Kó fi wáyà tó bá a wá sí i lórí iná kó rí i pé ó ń wọlé. Kó sì gba rìsíìtì tí nọ́ńbà Serial wà lórí rẹ̀.

Bí ọmọkùnrin náà bá sọ pé ẹni tó ni ín wà ní Amẹ́ríkà, pé òun á gba ọ̀rọ̀ aṣínà fún un lọ́la, kó fi owó rẹ̀ sí àpò kó máa lọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá yọ ọ́ tán ni kó padà wá.